Ta Ni Yóò San Owó Ọ̀bẹ?

Ẹ jẹ́ ká fi ewì sílẹ̀ díẹ̀ lónìí, ká sọ̀rọ̀ owó. Àwọn àgbà ní ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Gbogbo wa la mọ òwe yìí, a sì máa ń lò ó nígbà tí a bá fẹ́ kí wọ́n má fi ìyà ẹlẹ́ṣẹ̀ jẹ aláìṣẹ̀. Ìbéèrè tèmi yàtọ̀ díẹ̀. Mo fẹ́ mọ ẹni tó yẹ kó san owó ọ̀bẹ tí wọ́n fi gé ìka náà. Ṣé ọba ni, àbí oníka? Tó bá jẹ́ oníka, tí kò sì rí owó ọ̀bẹ san ńkọ́? Ṣé kí wọ́n gé ìkejì mọ́ ọn?

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ohun tí wọ́n ń ṣe nìyẹn ní àwọn ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, ìwé òfin ni wọ́n sì gbé lé e.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí nìyí. Bí ènìyàn bá dá ẹ̀ṣẹ̀ kékeré lọ́hùn-ún, bí ẹni tó wa mọ́tò láìní láísẹ́ǹsì, tàbí ẹni tó jí nǹkan kékeré ní ṣọ́ọ̀bù, adájọ́ lè má rán an lẹ́wọ̀n. Ó lè bu owó ìtanràn lé e, kó ní kó máa lọ sílé rẹ̀, ṣùgbọ́n kó wà lábẹ́ ìṣọ́ fún oṣù mélòó kan tàbí ọdún kan. Próbéṣọ̀n ni wọ́n ń pè é. Ẹni náà yóò máa lọ fara han olùṣọ́ rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ tún ṣẹ̀ títí ọjọ́ yóò fi pé. Èrò tó wà nídìí rẹ̀ dára púpọ̀. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹni tó jí mílíìkì agolo kan, kí ló fẹ́ lọ kọ́ lọ́dọ̀ àwọn adigunjalè nínú ẹ̀wọ̀n?

Ṣùgbọ́n ta ló ń sanwó fún olùṣọ́? Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní ìpínlẹ̀ bíi Georgia àti Tennessee, ọ̀pọ̀ kóòtù kékeré gbé iṣẹ́ ìṣọ́ yìí fún ilé-iṣẹ́ aládàáni, àwọn oníṣòwò tó ń wá èrè bíi ti oníṣòwò yòówù. Àdéhùn wọn rọrùn: ìjọba ìbílẹ̀ kò ní san kọ́bọ̀. Ọwọ́ ẹni tí wọ́n ń ṣọ́ ni ilé-iṣẹ́ náà yóò ti máa gba owó iṣẹ́ rẹ̀, lóṣooṣù. Láti ọdún 1991 ni Georgia ti gbà á láàyè, nígbà tó sì di 2001, ìjọba ìpínlẹ̀ náà yọ ọwọ́ tirẹ̀ kúrò nínú ṣíṣọ́ àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀ kékeré, ó dà á sọ́rùn àwọn ìlú àti ìjọba ìbílẹ̀. Àjọ Human Rights Watch gbé ìwé kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 2014. Wọ́n ní kóòtù tó ju 1,000 lọ káàkiri Amẹ́ríkà ló ń gbé ènìyàn fún irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní Georgia nìkan, ní ọdún 2012, kóòtù 648 gbé ẹjọ́ tó ju 250,000 lọ lé wọn lọ́wọ́. Ọjà ńlá ni o.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ sá fún ìṣirò wá sí ẹ̀ka èdè. Ká ní èmi àti ọmọ olówó kan jọ dé iwájú adájọ́ kan náà, lọ́jọ́ kan náà, fún ẹ̀ṣẹ̀ kan náà. Adájọ́ ní kí kálukú wa san $200. Ọmọ olówó fa owó yọ, ó san án, ó gba rìsíìtì, ó ti délé kí oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ tó tutù. Èmi ò ní $200. Wọ́n ní kò burú, kí n máa san án díẹ̀díẹ̀, pé ilé-iṣẹ́ kan ni yóò máa gbà á lọ́wọ́ mi. Ilé-iṣẹ́ náà ní owó ìṣọ́ tiwọn jẹ́ $40 lóṣù. Gbogbo agbára mi ò ju $60 lọ lóṣù. Nínú $60 yẹn, $40 bọ́ sápò àwọn olùṣọ́, $20 péré ló kan ìtanràn. Oṣù 10 ni n ó fi san $200 tán. Lápapọ̀, $600 ni yóò ti kúrò lọ́wọ́ mi. Ẹ̀ṣẹ̀ kan náà, adájọ́ kan náà, ìlọ́po mẹ́ta owó.

Ó ṣì kù. Láàárín oṣù 10 yẹn, tí mi ò bá rówó ọkọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ní kí n wá fara hàn, tàbí tí owó oṣù kan bá wọ́n mi, olùṣọ́ mi lè ní kí adájọ́ kọ ìwé kí wọ́n wá mú mi. Ọmọ olówó ńkọ́? Kò ní olùṣọ́. Kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ó tún lọ ṣe nǹkan náà lọ́jọ́ kejì. Tí ẹ bá wò ó dáadáa, ẹ ó rí i pé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ mi ni wọ́n ń ṣọ́. Àpò mi ni wọ́n ń ṣọ́. Ká ní mo ní $200 lọ́jọ́ yẹn, kò sẹ́ni tí ì bá rò pé mo nílò olùṣọ́ kankan.

Àpẹẹrẹ tèmi nìyẹn. Ẹ gbọ́ èyí tó ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́. Ní 2012, ní ìlú Augusta ní Georgia, ọkùnrin kan tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ jí bíà agolo kan tí owó rẹ̀ kò tó $2. Kóòtù bu $200 lé e, wọ́n sì fi í sábẹ́ ìṣọ́ ọdún kan. Wọ́n tún ní kí wọ́n de ẹ̀rọ kan mọ́ ọn lọ́rùn ẹsẹ̀, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ bóyá ó mutí. Kí wọ́n tó de ẹ̀rọ yìí, kó kọ́kọ́ mú $80 wá. Kò ní in. Ó wà ní àtìmọ́lé fún ohun tó ju oṣù kan lọ nítorí $80, títí ẹnìkan fi ṣàánú rẹ̀ bá a san án. Nígbà tó jáde, owó ẹ̀rọ àti owó ìṣọ́ papọ̀ tó nǹkan bíi $400 lóṣù. Ilé tí ìjọba ń bá aláìní san lára owó rẹ̀ ló ń gbé o, $25 ni tirẹ̀ níbẹ̀ lóṣù. Kí ló wá ṣe? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta omi ara ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ń rà á níbẹ̀, fún oògùn. Ó ń fo oúnjẹ kó lè rówó san fún wọn, bó bá sì dé ibi tí wọ́n ti ń ra ẹ̀jẹ̀, wọ́n á ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò lágbára tó, torí pé kò jẹun. Nígbà tí gbèsè owó ìṣọ́ rẹ̀ lé ní $1,000, ó tún bá ara rẹ̀ lẹ́wọ̀n. Bíà agolo kan.

Mo ka ìtàn yìí lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀rọ̀ tó sì wá sí mi lọ́kàn kì í ṣe ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì rárá. Ọ̀rọ̀ kan tó ti ń kú lẹ́nu wa ni: ológò. Samuel Johnson sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ kà á, ó wà ní láíbìrì, bí ẹnìkan ò bá tíì ya ojú ewé ibẹ̀ lọ. Láyé àtijọ́, bí ènìyàn bá jẹ gbèsè tí kò san, olówó lè gba ológò kó lọ dógò tì í nílé. Ológò yóò wọlé onígbèsè lọ, yóò fìdí kalẹ̀ bí ẹni tó wá gbé ibẹ̀. Á pariwo, á bú tọmọdé tàgbà, á ní kí wọ́n wá gbé oúnjẹ fún òun. Bí oúnjẹ ò bá yá, adìyẹ tó bá rí lágbàlá di ọbẹ̀ rẹ̀. Orí onígbèsè ni gbogbo ìnáwó yẹn sì ń gorí. Ó wá gba owó, ó sì ń jẹ nínú ilé tí owó ò sí.

Ṣé ẹ rí i? Ẹni tó jókòó ti gbèsè, tó ń jẹ lára onígbèsè, tí jíjẹ rẹ̀ kò sì yọ kọ́bọ̀ kúrò nínú gbèsè náà. Iṣẹ́ ológò kò tíì parun. Ó kàn wọ kóòtù ni, ó wá ra kọ̀ǹpútà.

Ìyàtọ̀ wà níbẹ̀ ṣá, mi ò ní fi í pamọ́. Ojú gbogbo ìlú ni ológò ti ń ṣe ti ẹ̀. Ìtìjú náà ni ohun èlò rẹ̀: ẹbí onígbèsè kò ní lè fara dà á, wọ́n á sáré da owó jọ, ológò á dìde. Ó ń fẹ́ kí wọ́n san án kíákíá. Ilé-iṣẹ́ tí mo ń sọ yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Bí onígbèsè bá san gbogbo owó lọ́jọ́ kìíní, èrè ò sí fún wọn. Ẹni tó ń san díẹ̀díẹ̀, tó ń fà á gùn, ni ọ̀rẹ́ wọn. Ológò pàápàá, pẹ̀lú gbogbo àìlójútì rẹ̀, kò ní irú ìdí bẹ́ẹ̀ láti fẹ́ kí gbèsè pẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ti mọ ẹ̀gbọ́n ọ̀rọ̀ yìí, ìdógò. Diutarónómì orí 24 ní òfin lórí rẹ̀: olówó kò gbọdọ̀ wọ ilé onígbèsè lọ mú ìdógò fúnra rẹ̀, ìta ni kó dúró sí, kí onígbèsè gbé e jáde. Kò sì gbọdọ̀ gba ọlọ ènìyàn, torí ohun tó fi ń jẹun nìyẹn. Ní àwọn ìlú kéékèèké Amẹ́ríkà tí bọ́ọ̀sì kì í dé, láísẹ́ǹsì mọ́tò ni ọlọ. Láìsí mọ́tò, kò síṣẹ́. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ló ń gba láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ ẹni tó bá jẹ kóòtù lówó. Kò lè wakọ̀ lọ síbi iṣẹ́ mọ́. Tó bá sì wà á, ó tún ti dá ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn nìyẹn, ìtanràn mìíràn, ìṣọ́ mìíràn. California fòpin sí gbígba láísẹ́ǹsì torí ìtanràn ojú títì ní 2017, àwọn mìíràn sì ti tẹ̀ lé e. Àwọn kan ò tíì ṣe é.

Ẹ ó ní ṣé kò sí òfin níbẹ̀ ni. Ó wà, ó sì dára. Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Danny Bearden, ará Georgia náà ni, tí ẹjọ́ rẹ̀ dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà ní 1983. Ó gbà pé òun jẹ̀bi ọ̀ràn olè. Kóòtù ní kó san $500 owó ìtanràn àti $250 owó gbà-má-bínú: $100 lọ́jọ́ náà, $100 lọ́jọ́ kejì, kí ìyókù pé láàárín oṣù 4. Ó yá $200 lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ̀, ó san án. Kò pẹ́ ni wọ́n dá a dúró níbi iṣẹ́. Kò mọ̀wé kà, kò sì rí iṣẹ́ mìíràn. Ó lọ sọ fún wọn pé owó tó kù máa pẹ́. Wọ́n fagi lé ìṣọ́ rẹ̀, wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n.

Adájọ́ Sandra Day O'Connor ló kọ ìdájọ́ ilé-ẹjọ́ gíga náà. Ohun tó sọ ni pé kóòtù kò gbọdọ̀ torí owó sọ ènìyàn sẹ́wọ̀n láìkọ́kọ́ wádìí ìdí tí kò fi san án. Bó bá ní in tó kọ̀ tí kò san, ìyẹn mọ̀ sí i. Bó bá gbìyànjú tí kò rí i, kí kóòtù kọ́kọ́ wá ọ̀nà mìíràn wò.

Inú mi dùn nígbà tí mo ka ibi yìí, torí ọ̀rọ̀ tiwa ni, ọ̀rọ̀ àwa tí wọ́n ń fi àmì ohùn dá lóró. Kò ní. Kọ̀. Ẹ gbé "kò" àti "kọ̀" kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ohùn kan náà, àmì kékeré kan lábẹ́ lẹ́tà ló yà wọ́n. Àmì yẹn gan-an ni àwọn olùkọ́ wa fi ń yọ máàkì wa, tí à ń kùn pé kí ló tún le tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀mí ènìyàn wà nínú àmì yẹn o. Ẹni tí kò ní, àti ẹni tó kọ̀. Gbogbo ìdájọ́ 1983 yẹn, kí wọ́n má fo àmì náà ni.

Ṣùgbọ́n ta ló ń kọ ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀? Òfin ní adájọ́ ni kó béèrè. Ẹ wá wo kóòtù ìlú kékeré kan, tí èrò kún bí ọjọ́ ọjà, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ní lọ́yà, tí adájọ́ fẹ́ parí gbogbo rẹ̀ kó tó di ọ̀sán. Ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ onígbèsè, ẹni tó mú ìwé lọ́wọ́, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ aládàáni ni. Òun ni yóò sọ bóyá lágbájá kò ní ni tàbí ó kọ̀ ni. Bó bá kọ "kò ní" sílẹ̀, owó ìṣọ́ lè dá. Bó bá kọ "kọ̀", ẹbí lágbájá á sáré lọ yá owó kí wọ́n má baà gbé e lọ. Mi ò sọ pé òpùrọ́ ni gbogbo òṣìṣẹ́ yẹn. Mo mọ̀ pé àwọn kan láàánú. Ohun tí mò ń sọ ni pé a kò gbọdọ̀ bi ènìyàn ní ìbéèrè tí oúnjẹ rẹ̀ wà nínú ìdáhùn rẹ̀, ká tún máa retí kó dáhùn bí ẹni tí ebi ò pa.

Ní 2012, adájọ́ kan ní Alabama, Hub Harrington, wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní kóòtù ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Harpersville, tí irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń bá ṣiṣẹ́. Ó pè é ní ẹ̀wọ̀n onígbèsè, ó ní ìlọ́nilọ́wọ́gbà tí kóòtù fọwọ́ sí ni. Kóòtù ìlú náà kò pẹ́ tó fi kógbá sílé.

Mo sọ gbogbo èyí fún ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ nípa ọrọ̀-ajé. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí n sinmi. Ó ní, "Gbọ́, èmi tí mi ò jalè, ṣé èmi ni kí n san owó tí wọ́n ó fi ṣọ́ olè? Ẹni tó da omi síwájú ni kó tẹ ilẹ̀ tútù. Tí kò bá fẹ́ san owó ìṣọ́, kó má jí bíà."

Ìbéèrè rẹ̀ lágbára, mi ò ní fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Mo rò ó fún ọjọ́ bíi mẹ́ta. Èsì mi nìyí. Ìyà tí ìlú fi ń jẹ ẹlẹ́ṣẹ̀, orúkọ gbogbo wa ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Ìyẹn nìkan ló yà á sọ́tọ̀ sí ìgbẹ̀san àti olè. Bí ọkùnrin kan bá fipá gba $400 lọ́wọ́ mi lójú títì, ọlọ́ṣà ni. Bí ìlú bá gbà á, tí adájọ́ jókòó, tó gbọ́ tẹnu mi, tó wọn ẹ̀ṣẹ̀ mi wò, tó ní $200 tó, ìdájọ́ ni. Ní ti $400 yòókù nínú ìṣirò wa ìṣáájú, adájọ́ wo ló wọ̀n ọ́n? Kò sẹ́ni tó jókòó pé bíà agolo kan tó $600. Àìlówó mi ló bí i, àdéhùn ìṣòwò ló gbà á. Ìyà tí kò sí adájọ́ tó dá a, tó sì ju èyí tí adájọ́ dá lọ, kí la ó pe orúkọ rẹ̀?

Ohun kejì ni pé ó yẹ kí ọ̀bẹ ná ọba lówó. Bí ó bá ń ná an lówó, yóò ronú kó tó gé ìka, yóò bi ara rẹ̀ pé ṣé ọ̀ràn yìí tó nǹkan. Bí ọ̀bẹ bá di ọ̀fẹ́ fún un, tí àwọn alágbẹ̀dẹ tún ń ṣèlérí pé àwọn ó bá a gba ìtanràn tó ti sọnù, kí ni yóò dá a dúró? Gbogbo ọmọ inú ìlú á wá di oníka. Owó orí tí ọ̀rẹ́ mi kò fẹ́ san yẹn, ìjánu ló jẹ́ fún ìjọba.

Ó ní mo ń sọ ọ̀rọ̀ akéwì. Bóyá. Ẹ jẹ́ kí n mú ìtàn wá nígbà náà, torí ọ̀rọ̀ yìí pẹ́ ju àwọn ilé-iṣẹ́ òde òní lọ. Ní Alabama ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, wọ́n dá ọkùnrin kan, Ed Rivers, lẹ́bi olè kékeré. Ìtanràn rẹ̀ jẹ́ $15, ṣùgbọ́n owó kóòtù jẹ́ $43.75. Ẹ ó rí i pé owó ọ̀bẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta owó ìka. Àgbẹ̀ olówó kan, Reynolds, san $58.75 náà fún un, òfin ìpínlẹ̀ sì gbà kí Rivers máa ṣiṣẹ́ lóko rẹ̀ ní $6 lóṣù, fún oṣù 9 àti ọjọ́ 24. Nígbà tó yá, Rivers kọ iṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n mú un. Ìtanràn rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí jẹ́ sẹ́ǹtì kan. Sẹ́ǹtì kan ṣoṣo! Owó kóòtù ńkọ́? $87.05. Àgbẹ̀ mìíràn san án, Rivers sì di ẹni tó gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ oṣù 14 àti ọjọ́ 15. Ní 1914, ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ Amẹ́ríkà ní òfin yẹn kò tọ̀nà, pé fífi gbèsè sọ ènìyàn di ẹrú ni.

Kí n má baà dà bí ẹni tó ń fi àbùkù ilé onílé ṣeré, ẹ jẹ́ kí n sọ pé àwa náà ní ìwọ̀fà. Ẹni tó yá owó tí kò rí i san á fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ olówó. Iṣẹ́ tó ń ṣe yẹn, èlé owó ni. Owó gan-an wà níbi tó wà. Ó lè ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́wàá kí gbèsè má dín ní ẹyọ owó kan. A máa ń sọ pé ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú, òótọ́ ni, ó ní ẹ̀tọ́ tí ẹrú kò ní. Ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ bóyá ọmọ tí wọ́n fi sọfà ń rántí ìyàtọ̀ yẹn ní ìdájí tí wọ́n bá jí i lọ sóko olówó.

Lónìí náà ńkọ́? Ní November 2023, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà kéde pé àwọn ń dá ẹlẹ́wọ̀n 4,068 sílẹ̀. Wọ́n ti dá wọn lẹ́jọ́ pé kí wọ́n san ìtanràn tàbí owó gbà-má-bínú. Wọn ò rí i san. Àwọn ilé-iṣẹ́ àti ẹlẹ́yinjú-àánú dá ₦585 mílíọ̀nù láti fi san án. Inú mi dùn fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: kò ní ló kó wọn síbẹ̀, kì í ṣe kọ̀. Òfin iṣẹ́ àtúnṣe tí wọ́n buwọ́ lù ní 2019 ti mú ìṣọ́ àti iṣẹ́ ìlú wá gẹ́gẹ́ bí ìyà tí kò mú ẹ̀wọ̀n dání, ọwọ́ ìjọba ló sì fi wọ́n sí. Ó dára. Ìjọba tó sì ń wá ẹni tí yóò bá a ṣe gbogbo nǹkan láìná kọ́bọ̀ ni à ń sọ yìí. Lọ́jọ́ tí ẹnìkan bá wọ súùtì wá bá wọn pé òun á bá wọn ṣọ́ ẹlẹ́ṣẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, mo fẹ́ kí ẹnìkan nínú yín wà ní yàrá yẹn.

Nǹkan ti yí padà díẹ̀ lọ́hùn-ún. Ní 2015, Georgia ṣòfin pé ẹni tó bá wà lábẹ́ ìṣọ́ kìkì nítorí pé kò tíì san ìtanràn tán, wọn ò gbọdọ̀ gba owó ìṣọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ju oṣù 3 lọ. Ọdún yẹn náà ni àwọn ará Rutherford County ní Tennessee pe ẹjọ́ ta ko ilé-iṣẹ́ tó ń ṣọ́ wọn àti ìjọba ìbílẹ̀ wọn; $14.3 mílíọ̀nù ni wọ́n fi parí rẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ náà ṣì wà, wọ́n ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ọ̀rẹ́ mi ní kí n gbé gbogbo ìtàn tì, kí n sọ ohun tí n ó ṣe bí wọ́n bá fi mí jẹ adájọ́ ní Augusta. Mo ní n ó béèrè iye tó ń wọlé fún ọkùnrin yẹn kí n tó dárúkọ owó kankan, ìlú ló sì máa san owó olùṣọ́. Ó ní bí ìlú ò bá ní owó olùṣọ́ ńkọ́? Mo ní a jẹ́ pé bíà agolo kan kò tó ohun tí à ń gba olùṣọ́ fún, kó lọ gbá ọjà fún ọjọ́ méjì. Ó ní ọjọ́ méjì ti kéré jù, pé ó kéré tán, ọ̀sẹ̀ kan. Mo ní ọjọ́ mẹ́ta. Ó ní márùn-ún. Ibẹ̀ la wà tí wọ́n fi mú iná lọ.